Ṣé èèyàn lè differentiate òkè lọ́tọ̀, kó differentiate ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún kìíní ni mo wà ní yunifásítì. Wọ́n ní ká differentiate y = (eˣ − e⁻ˣ)/(eˣ + e⁻ˣ), ìyẹn ká wá bí y ṣe ń yára yí padà bí x ṣe ń yí padà. Mo differentiate òkè, mo differentiate ìsàlẹ̀, mo wá fi ti ìsàlẹ̀ pín ti òkè: (eˣ + e⁻ˣ)/(eˣ − e⁻ˣ). Wọ́n fagi lé e. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Òkè tí o differentiate dáa, ìsàlẹ̀ náà dáa. Àmì tó ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, ìyẹn bí −e⁻ˣ ṣe ń di +e⁻ˣ, o mú un tọ̀nà. Ìgbà tí o wá fi ọ̀kan pín èkejì lọ̀rọ̀ wọ́. Òkè àti ìsàlẹ̀ jọ ń yí padà ni. Bí òkè bá ń pọ̀, y á fẹ́ pọ̀ sí i; bí ìsàlẹ̀ bá ń pọ̀, y á fẹ́ dín kù. Ìdí nìyẹn tí àmì ìyọkúrò fi wà nínú quotient rule, ìyẹn òfin tí a fi ń differentiate ohun kan tí a fi òmíràn pín.

Dán ìdáhùn rẹ wò. Fi 0 sípò x: òkè di 2, ìsàlẹ̀ di 0. Ta ló lè fi 0 pín 2? Bẹ́ẹ̀, y fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà kankan níbẹ̀.

Ó yá, jẹ́ ká pe òkè ní u, ká pe ìsàlẹ̀ ní v; àmì ′ túmọ̀ sí pé a ti differentiate nǹkan náà:

y′ = (v·u′ − u·v′)/v²

v ló ń ṣáájú o. Bí o bá fi u ṣáájú, àmì ìdáhùn á yí padà. Ibi tí ìṣirò yìí ti dùn mọ́ mi jù rèé: u′ ni v gan-an, v′ náà ni u gan-an. Nítorí náà:

y′ = (v² − u²)/v²

Má tíì tú àkámọ́ kankan. v² − u² ni (v − u)(v + u). v − u jẹ́ 2e⁻ˣ, v + u jẹ́ 2eˣ. Bí o bá sọ méjèèjì di púpọ̀, 4 ló kù:

y′ = 4/(eˣ + e⁻ˣ)²

Fi 0 sípò x, wàá rí 4/4, ìyẹn 1. Tanh x ni wọ́n ń pe y yìí nínú ìwé. Wàá tún pàdé rẹ̀.

Bó bá jẹ́ e⁵ˣ/e²ˣ ni wọ́n fún ọ, má wulẹ̀ pe quotient rule. Yọ 2x kúrò lára 5x, ó di e³ˣ, ìdáhùn sì jẹ́ 3e³ˣ. Ọ̀nà tí o gbà ṣe tìẹ á fún ọ ní 2.5e³ˣ. Àmọ́ tí àmì ìròpọ̀ tàbí ìyọkúrò bá ti wà nísàlẹ̀, bíi tìẹ yìí, o kò lè yọ ọ́ bẹ́ẹ̀.