Ogún ọdún tó wà nínú ìwé ẹ̀sùn, ṣé ohun tí adájọ́ máa dá nìyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Houston. Ó yá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àkáǹtì báǹkì rẹ̀, owó tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà òyìnbó sì ń gba ibẹ̀ kọjá. $180,000 ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, lọ́wọ́ ènìyàn 12. Kò ṣẹ̀wọ̀n rí. Ó ti gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi. Ìwé ẹ̀sùn sọ pé ẹ̀wọ̀n ogún ọdún, láti ìgbà náà ni ìyá wa kò ti sùn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí wọ́n jọ wà ní àtìmọ́lé gbé heroin, ọdún márùn-ún ni wọ́n fún un. Ṣé owó burú ju oògùn olóró lọ ni? Ẹnì kan tún ní kí a mú mílíọ̀nù méjì náírà wá, òun á bá wa rí adájọ́. (Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìdààmú o. Ẹ bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n rọra sùn. Ogún ọdún yẹn ni ibi tí òfin ní kí adájọ́ má kọjá lórí wire fraud, ìyẹn gbájúẹ̀ tí wọ́n fi fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe. Ìṣirò kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Hushpuppi tí gbogbo wa mọ̀, ogún ọdún náà ni òpin ẹ̀sùn tó gbà pé òun jẹ̀bi lé lórí. Ní November 2022, ọdún 11 àti oṣù mẹ́ta ni adájọ́ Los Angeles fún un.

Iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì lọ́yà níbí ni kí n máa túmọ̀ ìwé kóòtù fún àwọn ọmọ Yorùbá, ìṣirò yìí sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ti àbúrò yín.

Kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ìwé ìlànà kan tó ti ń ṣiṣẹ́ láti November 1987. Tábìlì kan wà nínú rẹ̀: ìpele ẹ̀ṣẹ̀, láti 1 dé 43, wà lápá kan, ẹjọ́ tí ènìyàn ti jẹ sẹ́yìn, ìsọ̀rí mẹ́fà, wà lápá kejì. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé lẹ ó ti rí iye oṣù. Oṣù ni wọ́n máa ń kà.

Irú gbájúẹ̀ tiwọn ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 7. Owó ló ń gbé e gòkè. Nínú ìwọ̀n owó tí wọ́n ṣètò ní 2015, ohun tó bá ti ju $150,000 lọ ń fi 10 lé e, ó di 17. Àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì ti pé mẹ́wàá, 2 tún gùn ún, ó di 19. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì tètè gbà, wọ́n lè yọ 3 fún un: 16. Ẹni tí kò jẹ́jọ́ rí, tó wà ní 16, oṣù 21 sí 27 ni. Bí lọ́yà bá lè fi hàn pé ipa kékeré ló kó, 2 á tún kúrò, ó di oṣù 15 sí 21.

Ẹ má tíì jó o. Kì í ṣe owó tó wọlé nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n ń ka èyí tí wọ́n pète láti gbà pẹ̀lú, èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n sì ń lò. Bí ìjọba bá rí i nínú fóònù pé $600,000 ni wọ́n ń lé, tí wọ́n sì so ó mọ́ àbúrò yín lọ́rùn, 10 yẹn á di 14, ẹ̀wọ̀n á di oṣù 33 sí 41. Ọ̀rọ̀ kan náà, ènìyàn kan náà!

Inú ìwé tí probation officer, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń wádìí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́, máa kọ fún adájọ́ ni ìjà yìí wà. Ó yẹ kí ó tẹ àbúrò yín àti lọ́yà rẹ̀ lọ́wọ́ ó kéré tán ọjọ́ 35 ṣáájú ìdájọ́, ọjọ́ 14 péré ni wọ́n sì ní láti ta kò ó. Ọ̀pọ̀ ẹbí ń tọ́jú ààwẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ìdájọ́. Ọjọ́ 14 yẹn ni kí ẹ gbà á.

Ti heroin, wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ohunkóhun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Tó bá ti pé 100 gíráàmù, òfin fúnra rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ dín ní ọdún márùn-ún. Kílò kan, ọdún mẹ́wàá. Àyè tí òfin fi sílẹ̀ láti bọ́ lábẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ọdún márùn-ún ẹni tí wọ́n jọ wà ní àtìmọ́lé yẹn lè máà jẹ́ àánú rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ti ìbọn, irú ìbọn àti ẹjọ́ àtẹ̀yìnwá ni wọ́n ń wò. Ẹni tí wọ́n lé kúrò ní Amẹ́ríkà tó yọ́ padà wọlé ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 8. Ìjà àdúgbò àti olè ṣọ́ọ̀bù, kóòtù ìpínlẹ̀ ló sábà máa ń gbọ́ ọ, ìwé ìlànà yìí kò sì kàn wọ́n níbẹ̀.

Ẹ bi lọ́yà bóyá ẹ̀sùn fífi orúkọ ẹlòmíràn ṣe jìbìtì wà níbẹ̀. Bó bá wà, ọdún méjì gbáko ló máa gun orí tókù, adájọ́ kò sì lè dín in.

Láti 2005 ni Kóòtù Gíga Jù Lọ ti sọ pé adájọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yìí, àmọ́ kò dè é lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni lẹ́tà yín ti wúlò. Ẹ má kọ ọ́ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti gbà. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí: ta ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, iṣẹ́ wo ló ṣe kó tó dé ibi yìí. Lọ́yà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe adájọ́. Kò sí parole, ìyẹn kí ìgbìmọ̀ tú ènìyàn sílẹ̀ kí ọdún rẹ̀ tó pé, ní ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ mọ́. Ìwà rere lè gba ọjọ́ 54 padà lọ́dọọdún, kò jù bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì tíì di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, jìbìtì tó ju $10,000 lọ lè gbé e dé Múrítàlá lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, ẹ wá lọ́yà ìwọ̀lú-jáde fún un nísinsìnyí.

Ẹni tó ń béèrè mílíọ̀nù méjì, ẹ má dá a lóhùn. Kóòtù máa ní kí àbúrò yín san owó àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì padà, ẹ tọ́jú rẹ̀ de ìyẹn.