Ilé ìwé tó fẹ́ gba àdúgbò yín n'Ifẹ̀: ẹ tètè jí o

Ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ béèrè láti Parakin, pé ilé ìwé àdáni tó wà lẹ́yìn yín ti ra ilé méjì sí i, wọ́n sì ti ń wó fẹ́ǹsì, pé ta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí: mo kà á, inú tún bí mi. Irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí wa níbí n'Iléṣà.

Wọn ò ní sọ pé ilé ìwé làwọn fẹ́ kọ́ o. Wọ́n á ní àwọn kàn ń tún ilé ṣe, wọ́n á pín ìrẹsì fún àdúgbò nígbà ọdún, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ilé tí ìdílé kan ń gbé ti di nọ́sìrì. Jẹnẹrétọ̀ wọn, ara fẹ́ǹsì wa ni wọ́n gbé e sí, ẹnu sàléǹsà ẹ̀ kọjú sí fèrèsé ìyá mi gan-an, ìyá tí èémí ò délẹ̀ fún tẹ́lẹ̀. Láràárọ̀, mẹ́gáfóònù. Ó pẹ́ tí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kí "good morning, school" látorí bẹ́ẹ̀dì, torí ó ti sú u. Lọ́jọ́ tá a wá fẹ́ gbé e lọ sọ́sípítù, mọ́tò àwọn tó wá gbé ọmọ ti dí géètì pa, dírẹ́bà ò sí ńbẹ̀, orí àga rọ́bà la gbé ìyá arúgbó lé, tá a ń fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín mọ́tò, tí èémí ẹ̀ ń ké fíì fíì.

Síbẹ̀ ìyà ọ́fíìsì pláànì, àwọn tó ń fúnni láṣẹ ilé kíkọ́, ló dùn mí jù. Fáìlì ò sí nílẹ̀. Ọ̀gá lọ Òṣogbo. Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ gúgúrú lórí fáìlì wò mí lójú, ó ní ṣé mi ò fẹ́ kọ́mọ kàwé ni! Nígbà tí wọ́n jàjà wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "Stop Work" sára ògiri, a yọ̀, àfi bílẹ̀ ṣe mọ́ tí àwọn lébírà po símẹ́ǹtì, wọ́n rẹ́ ògiri náà, wọ́n fi bo ọ̀rọ̀ ìjọba mọ́lẹ̀.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé ẹni tó ra ilé lè fi ṣe ohun tó bá wù ú. Irọ́ ni. Òfin ètò ìlú ti 1992 ní kéèyàn gbàṣẹ kó tó kọ́lé, tàbí kó tó sọ ilé gbígbé di nǹkan mìíì. Supreme Court sì ti là á ní 2003 pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ pláànì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa rán yín lọ Àbújá. Tí wọ́n bá ní fáìlì ò ṣeé rí, ẹ fi òfin FOI ti 2011, ìyẹn òfin tó jẹ́ kí aráàlú lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, béèrè, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn, Supreme Court kan náà ti sọ ní 2025 pé òfin yìí mú àwọn ìpínlẹ̀ náà.

Ẹ ṣọ́ alága lándílọ́ọ̀dù yín o. Tiwa, ọmọ-ọmọ ẹ̀ wọlé síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àtìgbà náà la ò ti gbúròó mítìnnì mọ́. Ẹ sì wo ibi tí wọ́n ń gbẹ́ sókàwéè sí, bó bá sún mọ́ kànga yín, ẹ ti bá a, ẹ yáa ya fọ́tò.

Ìwé tẹ́ ẹ béèrè, kò le: ẹ kọ ọ́ sí ọ́fíìsì pláànì ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí mínísírì ètò ẹ̀kọ́ torí àwọn ló ń fún ilé ìwé láṣẹ, kí gbogbo lándílọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i, kí wọ́n lu sítáǹpù sí ẹ̀dà tiyín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó da dẹ́kìn ni o, torí tí wọ́n bá dà á tán, owó tó ti wọlẹ̀ ni wọ́n á máa fi bẹ adájọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni, àbí fẹ́ǹsì nìkan ni wọ́n ṣì wó? Ẹ dá mi lóhùn, kí n lè mọ̀ bóyá lọ́yà ló kàn.