Dísìkì fíìmù tí ò fẹ́ wọ kọ̀ǹpútà: ẹ má tíì sọ ọ́ nù o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú o. Mo ka gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ kọ. Ẹ ní mẹ́ta lára àwọn fíìmù tẹ́ ẹ gbé kúrò nílé ò fẹ́ wọ kọ̀ǹpútà: HandBrake, software tó ń yí fíìmù orí dísìkì padà sí fáìlì, ní òun ò rí title (ìyẹn fíìmù tóun lè kà) kankan lórí àkọ́kọ́, ìkejì ń lọ dáadáa títí tó fi dé ìdajì ló bá dúró gbagidi tó ń sọ cyclic redundancy check (ìyẹn ni pé ohun tó kà níbẹ̀ ò péye), ìkẹta sì rèé fáìlì .DAT lẹ bá nínú ẹ̀ tí ò gbà kẹ́ ẹ kọ́pì òun. Ẹ wá ń pààrọ̀ software kiri. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, torí ohun tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọra, oògùn ọ̀kan ò lè wo èkejì.

Ká mú ti .DAT yẹn ṣáájú, òun ló ń ká mi lára jù torí irú wọn ló ń tètè kú. VCD nìyẹn o, kì í ṣe DVD. Ẹ ṣí fódà tó ń jẹ́ MPEGAV, fíìmù yẹn gan-an ni AVSEQ01.DAT tẹ́ ẹ rí níbẹ̀. CD tí wọ́n kó fáìlì lásán sí máa ń ní àyè tó fi ń tún àṣìṣe ara ẹ̀ ṣe, àmọ́ VCD ti kó fíìmù kún àyè yẹn, ìdí nìyẹn tí sector ẹ̀ kan (ìpín kékeré tí wọ́n pín dísìkì sí) fi ń gba byte 2324 dípò 2048, tí ìlà kékeré kan bá sì ti wà lójú ẹ̀ báyìí Windows á ní òun ò ṣe mọ́. IsoBuster, software kan fún Windows, mọ bí wọ́n ṣe ń kà á, tó bá sì jẹ́ Linux lẹ ń lò, vcdxrip tó wà nínú vcdimager á yọ ọ́ sí fáìlì .mpg fún yín. Tó bá ti jáde, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Àwòrán 352 lọ́nà 288 péré ni, tẹ́ ẹ bá tún lọ fún un pọ̀ sí MP4, ojú àwọn èèyàn inú ẹ̀ á kàn di bàìbàì ni. VLC á ṣí .mpg yẹn bó ṣe wà.

Èyí tó ń kú síbi ìdajì ńkọ́? Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sábẹ́ iná, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ìlà tó bá lọ tààrà láti àárín síta ò fi bẹ́ẹ̀ burú, èyí tó bá ń ká yípo ló léwu, torí ọ̀nà tí drive (ẹ̀rọ tó ń ka dísìkì) ń tọ̀ láti kàwé gan-an ló bá lọ. Tẹ́ ẹ bá wá dé orí àwọn VCD yòókù, ẹ gbé wọn sókè kí iná wà lẹ́yìn wọn, tẹ́ ẹ bá rí ihò wínníwínní tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ níbẹ̀, ohun tó wà lójú ibẹ̀ ti lọ nìyẹn, torí ojú tí wọ́n ya àwòrán sí ni fàdákà ẹ̀ sún mọ́. Ti DVD sàn jùyẹn, àárín ike méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 0.6 mm ló wà.

Tó bá jẹ́ ipa ìka àti eruku ni, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan ti tó, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ má nù ún yípo. Lẹ́yìn náà ẹ ki drive bọ ara kọ̀ǹpútà tààrà, kì í ṣe hub (èyí tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀), torí iná hub kì í tó o nígbà míì. Kẹ́ ẹ sì bá mi wá drive míì yá. Dísìkì kan wà tí mo ní, pásẹ́ǹtì 71 ló máa ń kú sí lórí laptop mi, mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ kan, ó ń kùn, ó ń kùn, ó sì kọjá.

Tí ò bá ṣì gbà, ddrescue ni, software tó ń kó ohun tó bá ṣì ṣeé kà jáde lórí dísìkì tó ti bàjẹ́; inú terminal Linux lẹ máa tẹ àwọn ìlà yìí sí. Ẹ kọ́kọ́ kó ibi tó rọrùn:

ddrescue -n -b2048 /dev/sr0 fiimu.iso fiimu.map

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ padà síbi tó le:

ddrescue -d -r3 -b2048 /dev/sr0 fiimu.iso fiimu.map

Ẹ má pa fáìlì .map yẹn rẹ́ o, òun ló ń rántí ibi tó ti kà, ẹ lè gbé dísìkì yẹn lọ sórí drive míì kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ má fi HandBrake bẹ̀rẹ̀ lórí dísìkì tó ń ṣàìsàn láé. Ẹ gba ISO (ẹ̀dà odindi dísìkì nínú fáìlì kan) sílẹ̀ ná, ìyípadà á tẹ̀ lé e.

Ti àkọ́kọ́ tí HandBrake ò rí title lórí ẹ̀, wọ́n tì í pa ni. HandBrake kì í ṣí àgádágodo DVD fúnra ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, DMCA 1998, òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ṣe iṣẹ́ ọnà, ò fẹ́ kéèyàn já a, kódà dísìkì téèyàn fowó ara ẹ̀ rà, torí náà ẹ wo òfin ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó ṣe é. Níbi tí wọ́n bá ti gbà á, MakeMKV á gbé e sínú fáìlì .mkv láì fọwọ́ kan àwòrán.

Ẹ wá fọkàn sí eléyìí: wọ́n pín DVD àti drive sí region, ìyẹn apá ayé tí wọ́n ṣe é fún. Drive Amẹ́ríkà region 1 ni, ti Yúróòpù region 2, tiwa nílé region 5. Tí kọ̀ǹpútà bá bi yín pé ṣé kóun yí region padà, ẹ má kàn tẹ OK, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ló máa gbà, lẹ́yìn ìyẹn ó ti dì pa síbi tẹ́ ẹ yí i sí kẹ́yìn. Ẹ ya drive kan sọ́tọ̀ fún dísìkì ilé nìkan. VCD ò ní wàhálà region rárá.

Tí ISO bá ń dúró lórí 4 GB bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ṣì wà lórí flash yín, FAT32 ni wọ́n fi fọ́mátì ẹ̀, kì í gba fáìlì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kó ohun tó wà lórí ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fọ́mátì ẹ̀ sí exFAT.

Àwọn dísìkì tó ṣì kù sílé, ẹ ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ yọ wọn sí fáìlì kó gbé e sórí Google Drive. Tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ máa lò, kó fi ránṣẹ́ bíi document, torí tó bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò, wọ́n á fún un mọ́lẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Tí ddrescue bá parí, ẹ kọ iye tó kọ sí iwájú rescued fún mi, mo máa sọ bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ tún gbìyànjú sí i.