Ẹ Bi Wá: Ohùn Ti Dákẹ́, Ìrántí Ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú saikọ́lọ́jì n'Íbàdàn ni. Télọ̀ ni àbúrò bàbá mi kó tó di pé àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia kọlù wọ́n. Oògùn ti pa ohùn tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu mọ́, wọn kì í dá sọ̀rọ̀ mọ́, àmọ́ iṣẹ́ kò ṣeé ṣe. Wọ́n á wọn oníbàárà tán, kí wọ́n tó dé ìdí tábìlì, iye ìbú èjìká ti fò lọ lórí wọn. Mo gbọ́ pé irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ ń ṣèwádìí lé lórí fún PhD ní Lọ́ńdọ̀nù. Báwo lẹ ṣe débẹ̀? Wọ́n ní ẹni tí kì í ṣe dókítà kò lè ṣe é.
*Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, Ọlọ́run á wo bàbá sàn. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ kò mọ̀. Saikọ́lọ́jì lèmi náà kà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ wà níbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìbú èjìká yẹn, kọ ọ́ sílẹ̀ bó o ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tó o bá kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó o fẹ́ kó ṣe alábòójútó rẹ, òun ni kó o fi ṣáájú, kó o tó dárúkọ oyè kankan. Ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ lèmi náà ń sá tẹ̀ lé kiri.

Àwọn oògùn tá a ń lò fún àìsàn yìí, èròjà inú ọpọlọ kan tó ń jẹ́ dopamine ni wọ́n ń bá wọ̀yá ìjà. Tí agbára rẹ̀ bá wálẹ̀, ohùn á dákẹ́, ìfura á rọlẹ̀. Àmọ́ ìrántí, àfiyèsí àti yíyára ronú kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bẹ́ẹ̀, àwọn gan-an ló máa ń sọ bóyá èèyàn á lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mìíràn tún wà tí ohùn ọ̀hún pàápàá kò dákẹ́ fún. Nínú èèyàn mẹ́ta tó ní schizophrenia, ẹnì kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà tó ti lo oògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, síbẹ̀ tí kò rí ìyàtọ̀. Oògùn kan tó ń jẹ́ clozapine ló kù fún irú wọn. Nínú ìwádìí tí John Kane, dókítà àìsàn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 1988, nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn tó lo clozapine ni àìsàn wọn fúyẹ́ gan-an. Nínú àwọn tó lo oògùn àtijọ́ kan, chlorpromazine, kò ju 4 lọ. Ohun tí mò ń wá ni bóyá ìdánwò ìrántí tá a ṣe fún aláìsàn níbẹ̀rẹ̀ lè sọ fún wa ṣáájú, ẹni tí oògùn àkọ́kọ́ kò ní ràn lọ́wọ́, ká má bàa fi ọdún gbáko ṣòfò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Màá ka ọ̀rọ̀ 15 sí aláìsàn létí, òun á dá èyí tó bá rántí padà. A ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tó ń wa ọkọ̀ kó tó ṣàìsàn, mú mẹ́rin padà lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó di ìgbà karùn-ún, mẹ́rin náà ni, àmọ́ kì í ṣe mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò ka ìka rẹ̀. Tó bá ti dé ìka kẹrin, ọwọ́ á dúró. Ó wò mí lójú, ó ní, "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ o. Kò kàn dúró ni." Wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé ara rẹ̀ ti yá! Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní.

Ní ti ọ̀nà tí mo gbà: mo kọ́kọ́ ṣe olùrànlọ́wọ́ ìwádìí ní Nàìjíríà, mò ń bi àwọn aláìsàn àtàwọn ará ilé wọn léèrè ọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni mo lọ kàwé másítà, kí PhD tó dé. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni PhD máa ń gbà níbí, ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn sì lè gba oṣù púpọ̀ nínú rẹ̀. Commonwealth Scholarship ti gba ọmọ Nàìjíríà fún PhD rí; wò ó bóyá ó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ á sọ fún ọ pé ìdí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ ni kó o sáré lọ. Èrò tèmi ni pé kó o kọ́kọ́ jókòó ti aláìsàn dáadáa.

O sì lè má kúrò n'Íbàdàn pàápàá. Ìbàdàn wà lára ibi mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí ńlá lórí schizophrenia láti ìparí àwọn ọdún 1960. Lọ́dún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, àwọn wòlíì àtàwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe lè jọ tọ́jú aláìsàn ní Nàìjíríà àti Gánà. Àwọn aláìsàn ọ̀hún sàn ju àwọn tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o mú dání, torí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Clozapine lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń jẹ́ neutrophil, tó ń bá kòkòrò àìsàn jà, kù nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì léwu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Bìrìtìkó fún ọ̀sẹ̀ 18 àkọ́kọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà la bí pẹ̀lú àbùdá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Duffy-null. Àbùdá yìí kì í sábà jẹ́ kí irú ibà kan, Plasmodium vivax, ráyè wọlé sí wa lára, ó sì máa ń mú kí neutrophil wa kéré láti ilé wá, láìsí àìsàn kankan. Tí wọ́n bá fi ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ òyìnbó wọn ọmọ Yorùbá, wọ́n lè gba oògùn tó lè ràn án lọ́wọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lásán. Ìwọ̀n tó yẹ irú wa wà, àfi kí ẹnì kan rántí bèèrè. Àwa tá a mọ ilé wa ló yẹ ká máa bèèrè.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń gbàgbé nǹkan gan-an látìgbà tó ti ń lo oògùn schizophrenia. Ṣé kó dá a dúró ni?
*Ìyá Ọlọ́mọ, Ṣàgámù*

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́ Mà, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ o. Àìsàn ọ̀hún fúnra rẹ̀ máa ń mú ìrántí, nígbà mìíràn kó tó di pé ohùn bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo inú àpò oògùn náà bóyá Artane wà níbẹ̀, tí wọ́n tún ń pè ní benzhexol. Wọ́n máa ń fi kún un kí ara má bàa le, kí ọwọ́ má sì máa gbọ̀n, àmọ́ ó lè da ìrántí láàmú. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bi dókítà bóyá ó ṣì nílò rẹ̀, tàbí bóyá wọ́n lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú páálí oògùn dání lọ, kẹ́ ẹ sì kọ nǹkan méjì mẹ́ta tó gbàgbé lọ́sẹ̀ yẹn sínú ìwé. Dókítà á rí ohun tó lè dì mú nínú ìyẹn ju "ó ń gbàgbé" lọ.