Ṣé kẹ́míkà lè sọ ìdàrọ́ irin di sìmẹ́ńtì?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe n'Íkòròdú, sìmẹ́ńtì ti wọ́n gógó. Kọ́ńpìnnì kan tó ń yọ́ irin àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa máa ń da ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtírí tó ń ṣẹ́kù tí wọ́n bá yọ́ irin tán, nù, ẹnìkan wá ní kí n lọ̀ ọ́ kúnná kí n po kẹ́míkà mọ́ ọn, pé á di sìmẹ́ńtì. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì náwó sórí kẹ́míkà. Ìdàrọ́ yàtọ̀ síra. Èyí tó ń jáde látinú blast furnace, iléru ńlá tí wọ́n fi ń yọ irin jáde látinú òkúta, omi ni wọ́n máa ń rọ́ lù ú bó ṣe ń ṣàn gbígbóná, á dì lójijì bíi gíláàsì, kẹ́míkà sì tètè ń ràn án. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Glukhovsky ní Kyiv, lórílẹ̀-èdè Ukraine, ti ṣiṣẹ́ lórí irú sìmẹ́ńtì oníkẹ́míkà yìí láti 1957.

Ìdàrọ́ tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣe steel ò rí bẹ́ẹ̀ o. Jẹ́jẹ́ ló ń tutù, ó ráyè le gbagidi, omi lásán ò lè tètè tú u. Ibẹ̀ ni caustic soda àti sodium silicate ti wúlò, àwọn kan náà táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà l'Ọ́jọ́ta, wọ́n á tú sílíkà inú ẹ̀ (ohun tó pọ̀ jù nínú yanrìn) ká, òun àti kálísíọ́ọ̀mù á wá so pọ̀, ohun tó ń mú kọnkéré le gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni free lime, ìyẹn ẹfun tí kò bá nǹkan kan so pọ̀, tó kù nínú ẹ̀, kẹ́míkà yẹn ò pa á. Ẹ ti mọ ilé tán, ẹ ti rẹ́ ẹ, ẹ ti kùn ún, á ṣì máa fa omi díẹ̀díẹ̀ á máa wú, ògiri á wá sán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dà á síta kí òjò pa á fún oṣù mélòó kan. Tí lab bá fẹ́ mọ̀, wọ́n á pò ó sínú òrùka idẹ kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ méjì, wọ́n á sè é nínú omi tó ń hó fún wákàtí 3, tí àlàfo abẹ́rẹ́ yẹn bá fẹ̀ sí i ju mílímítà 10 lọ, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Tiyín wá nìyí: ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì àlòkù níbí, induction furnace, iléru tó ń fi iná mànàmáná yọ́ irin, ni wọ́n ń lò, yanrìn sílíkà ni wọ́n fi ń rẹ́ inú ẹ̀, torí náà sílíkà àti irin ló pọ̀ nínú ìdàrọ́ wọn, kálísíọ́ọ̀mù ò tó nǹkan. Kẹ́míkà nìkan ò lè sọ ọ́ di sìmẹ́ńtì. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá fọ́ ọ, màá fi òòfà fa irin inú ẹ̀, màá fi rọ́pò díẹ̀ lára yanrìn, ṣùgbọ́n kí lab kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá májèlé bíi lẹ́ẹ̀dì tàbí chromium ń jò jáde lára ẹ̀. Ẹ má dín sìmẹ́ńtì kù títí ẹ ó fi tẹ búlọ́ọ̀kù tó ti pé ọjọ́ 28 wò nínú ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá sì máa gbìyànjú caustic soda láìka ohun tí mo sọ yìí sí, inú omi ni kẹ́ ẹ máa dà á sí díẹ̀díẹ̀, ẹ má da omi lé e lórí, ojú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ṣe pàtàkì.