Èsì: Ohun tó ń jẹ dátà yín

Ẹ káàsán, mà. Ẹ ní ẹ ra 1GB láàárọ̀, WhatsApp nìkan lẹ ṣí ní ṣọ́ọ̀bù adìrẹ yín n'Ítòkú, síbẹ̀ ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi tán. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn áàpù ló ń ṣe àpúdéètì fúnra wọn, ìyẹn ni pé wọ́n ń fi dátà yín gba ẹ̀dà tuntun wọn wọlé.

Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àmì roboto tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ wọ Settings, kí ẹ tẹ Network preferences, lẹ́yìn náà Auto-update apps. "Over Wi-Fi only" ni kí ẹ yàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á pátápátá o! Àpúdéètì ló ń dí ihò tí àwọn olè ń gbà wọlé. Èmi pa á nígbà kan. Lọ́jọ́ kan ní Kútọ̀, áàpù tí mo fi ń sanwó kọ̀, ó ní àfi kí n kọ́kọ́ ṣe àpúdéètì. Ọlọ́jà ti di ẹrù mi tán, ó ń wojú mi. Ara mi bù máṣọ.

Tí ẹ bá gba hotspot, ìyẹn dátà tí fóònù kan ń pín fún òmíràn, lọ́wọ́ ọmọ yín, fóònù lè kà á sí Wi-Fi, dátà ọmọ ni yóò sì jẹ.

WhatsApp náà ńkọ́? Settings, Storage and data, "When using mobile data": ẹ yọ àmì kúrò lára fídíò, kó má baà máa wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ ṣì lè fi fọ́tò sílẹ̀, torí oníbàárà tó ń fi bátànì ránṣẹ́.