Ẹ má yọ ìṣirò: ìdáhùn fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Iléèwé girama rẹ̀ ti ní kó yan àwọn iṣẹ́ tó máa ṣe ní ọdún méjì tó kù. Ìṣirò onípele gíga ń dà á láàmú, a sì fẹ́ yọ ọ́, kó fi ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àti àwòrán yíyà dípò rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní kóòdù lópin ọ̀sẹ̀ ní kò séwu, pé ìṣirò ò wúlò mọ́, pé èdè kọ̀ǹpútà márùn-ún ló yẹ kó mọ̀ kó tó wọlé. Èwo ni kó kọ́kọ́ kọ́, Python tàbí Java?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú làálàá ọmọ. Ọ̀rọ̀ Python tàbí Java yẹn kéré, màá dé ibẹ̀. Èyí tó ká mi lára ni ìṣirò tí ẹ fẹ́ yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè yìí láàárín oṣù kan, gbogbo ìgbà náà ló sì jẹ́ pé ẹni tó ń ta kọ́ọ̀sì ló ti kọ́kọ́ gba òbí nímọ̀ràn.

Ohun tí ọmọ yín fẹ́ lọ kọ́ kì í ṣe bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, kóòdù kíkọ nìkan kọ́ sì ni. Kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà, jẹ́ irinṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ gan-an ni pé kéèyàn mú ìṣòro kan, kó tú u palẹ̀ títí ẹ̀rọ tí kò gbọ́n rárá fi máa lè yanjú rẹ̀, kó sì lè fi ẹ̀rí hàn pé ojútùú náà tọ́ àti pé kò ní pẹ́ jù. Ìṣirò la fi ń ṣe ẹ̀rí yẹn. Kò sí nǹkan mìíràn tí a lè fi ṣe é.

Ẹ gbà pé orúkọ mílíọ̀nù kan wà nínú ìwé kan, tí wọ́n tò wọ́n bí lẹ́tà ṣe tẹ̀ léra. Ẹ ń wá ẹyọ kan. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ka gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó rí i. Àmọ́ bí ẹ bá ṣí ìwé náà ní agbedeméjì, tí ẹ wò ó bóyá iwájú ni orúkọ yẹn wà tàbí ẹ̀yìn, ìdajì ìwé ti kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún ṣí agbedeméjì èyí tó kù. Kó tó di pé ẹ ṣe é nígbà 20, orúkọ ti jáde. Kí ló dé tó jẹ́ 20? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, kí ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 2, 4, 8, 16. Ní ìgbà ogún, ẹ ó kan 1,048,576, èyí tó ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Bí orúkọ bá di bílíọ̀nù kan, ìgbà 30 péré ni. Logarithm tí àwọn ọmọ máa ń sọ pé àwọn ò mọ ohun tí àwọn fẹ́ fi ṣe, iye ìgbà tí a fi ń sọ nǹkan di ìlọ́po méjì yẹn ni. Ẹni tí kò ní in lórí á kọ kóòdù tó ń sáré lórí ọgọ́rùn-ún orúkọ, á dákú lórí mílíọ̀nù, kò sì ní mọ ibi tó ti ṣe é.

Ẹ tún wo èyí. Ilẹ̀kùn kan máa ń ṣí fún ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó sì ti sanwó. Ta ni kò ní ṣí fún? Mo máa ń bi àwọn ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì. Púpọ̀ nínú wọn, títí kan àwọn tó ti ń kọ kóòdù láti ọdún mẹ́ta, á ní ẹni tí kò tíì pé 18, tí kò sì sanwó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pé 18 àmọ́ tí kò sanwó, ìta ló máa wà. Ọmọdé tó sanwó náà, ìta ni. Bí a bá ti fi “kò” síwájú ọ̀rọ̀ náà, “àti” gbọ́dọ̀ di “tàbí”. Láyé ìgbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà, ní 1854, ni George Boole, onímọ̀ ìṣirò kan, ti tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń fi “àti”, “tàbí” àti “kò” ṣe ìṣirò. Ní 1937, Claude Shannon fi hàn nínú iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè kejì ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, pé ìṣirò Boole yìí bá títàn àti pípa iná mu rẹ́gí. Orí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ yín dúró lé. Ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn, tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ báyìí, matrix (nọ́ńbà tí a tò ní ìlà ní ìlà), calculus (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà) àti ìṣirò ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ta ló wá ní ìṣirò ò wúlò mọ́?

Mi ò mọ olùkọ́ òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò sì ní bú u. Ó lè mọ kóòdù kọ dáadáa. Àmọ́ ìmọ̀ràn yẹn ti ba ọjọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ lójú mi. Wọ́n á dé pẹ̀lú èdè mẹ́rin márùn-ún, sáà kìíní á dùn mọ́ wọn, nígbà tó bá di sáà kejì, tí a bá ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé ohun tí wọ́n kọ tọ́, ojú á pọ́n wọn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń kọ́ kóòdù láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ fún ẹni tí kò kọ ọ́ rí. Wọn kì í kọ́ ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ní ti èdè, ẹyọ kan tó bá gbọ́ dénú ju márùn-ún tó kàn fẹnu bà lọ. Python dé ní 1991, Java ní 1995, C ti wà láti bí 1972. Òmíràn ṣì ń bọ̀. Ẹni tó mọ ọ̀kan dé ìdí á kọ́ èkejì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Python, àfi bí iléèwé bá ń kọ́ wọn ní Java, kó yáa tẹ̀ lé ti iléèwé.

Kí ẹ tó fi “ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà” sílẹ̀ fún un, ẹ gba ìwé ètò ẹ̀kọ́ náà kí ẹ kà á. Bó bá jẹ́ títẹ lẹ́tà àti ṣíṣe tábìlì ni, kò ní ṣe é léṣe, kò sì ní gbé e débì kan. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń kọ kóòdù gidi, ó dára púpọ̀. Fíṣíìsì náà dára. Kó má sì fojú di iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ àròkọ, nítorí ẹni tí kò lè ṣàlàyé ohun tó kọ́, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á jìyà rẹ̀.

Ẹ ní ìṣirò ń dà á láàmú. Mo gbọ́. Nínú àwọn ọmọ tó sọ fún mi pé ìṣirò ò wọ orí àwọn, èyí tó pọ̀ jù tí mo jókòó tì, ibi ìṣirò ìdá (bí ìdajì àti ìdámẹ́ta) ni wọ́n ti sọnù sí, tàbí ibi tí lẹ́tà ti kọ́kọ́ gba ipò nọ́ńbà, láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó padà lọ wá wọn níbẹ̀. Owó tí ẹ fẹ́ san fún èdè márùn-ún, ẹ fi wá olùkọ́ ìṣirò tó máa jókòó tì í fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti sọnù, kó má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kíláàsì wà.

Mi ò rí ìwé ọmọ náà o, torí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi nìkan ṣe ìpinnu. Ohun tí yunifásítì kan ń béèrè yàtọ̀ sí ti èkejì, ó sì ń yí padà. Ní Cambridge, ìṣirò jẹ́ dandan; àwọn mìíràn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ojú ewé yunifásítì tó wù ú fúnra rẹ̀, ní ti ọdún tó máa wọlé. Bí olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ bá sì sọ lẹ́yìn ìrànlọ́wọ́ gidi pé onípele gíga yẹn á fọ́ èsì ìdánwò rẹ̀, kó ṣe ìṣirò gbogbogbòò, kó sì yege nínú rẹ̀ dáadáa. Àwọn ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn wà tí ìṣirò wọn fúyẹ́, bíi ti ṣíṣe ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ gidi sì ni wọ́n.

Ṣé ó ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà? Bí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rí olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì mú ọmọ náà dání.